Ìṣubú Àwọn Àgbàlagbà Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ



Àwọn àgbà ni wọ́n máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tí yóò gbé e dìde yóò gbà wá. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kí ó lè rí ohun tí ó gbé e ṣubú. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí ètò yìí fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí mu rẹ́gí, nítorí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí ó ṣubú ni. Kì í ṣe èyí tí ó ṣubú lójú ọ̀nà oko tàbí lẹ́nu iṣẹ́, bí kò ṣe èyí tí ó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú: tí àwọn dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ti ń jiná, tí ẹbí ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí ó wá ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ láàárín òru.

Irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ohùn mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan a ní ayé ni ó tì í. Àwọn kan a ní àgídí ni, ṣebí a ti sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má dá dìde. Àwọn mìíràn a kàn mí kanlẹ̀, wọn a ní bí ara àgbà ti rí nìyẹn. Kò sí èyí tí ó wo ẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn tí ó tó 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tí ó sì ti lé ní 60 ọdún ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nínú gbogbo jàǹbá tí ń pa ènìyàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ fà á, jàǹbá ojú títì nìkan ni ó ṣáájú rẹ̀.

Kí ni ó wà lẹ́yìn ìṣubú ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún? Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ẹni 78 ọdún ṣe àpẹẹrẹ. Egungun itan rẹ̀ kán ní ọrùn, níbi tí ó ti wọ inú ìbàdí. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi irin rọ́pò orí egungun náà, ìyá sì padà sí ilé ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ìtọ̀ jí i lójú oorun. Ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó sùn sórí ẹní nílẹ̀, àánú ọmọ náà ṣe é, kò fẹ́ jí i. Ó fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà, kò rí i. Ó dìde dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Òòyì kọ́ ọ. Ó na ọwọ́ sí tábìlì kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tábìlì yẹ̀, ìyá sì di ilẹ̀ gbì.

Ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn yóò rí i pé kì í ṣe ẹyọ ohun kan ni ó gbé ìyá yìí ṣubú. Òòyì wà níbẹ̀. Oògùn tí ó lò kí ó tó sùn wà níbẹ̀, nítorí àwọn oògùn líle tí ń pa ìrora a máa mú ojú wúwo, wọn a sì máa mú ọpọlọ lọ́ra. Ẹsẹ̀ tí kò tíì ní agbára wà níbẹ̀, àti òkùnkùn, àti tábìlì tí kò dúró ṣinṣin, àti sálúbàtà tí ẹnìkan fi ìgbálẹ̀ tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ìrọ̀lẹ́. Àánú ọmọ-ọmọ pàápàá wà níbẹ̀. Bí a bá mú méjì tàbí mẹ́ta péré kúrò nínú wọn, ó ṣeé ṣe kí ìyá lọ kí ó sì bọ̀ láìsí ohunkóhun. Ibi tí ìrètí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí òòyì náà, nítorí pé àwọn ènìyàn kò kà á sí. Nígbà tí ènìyàn bá dìde dúró láti orí ìdùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó tó ìdajì lítà tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa ṣàn wá sí ìsàlẹ̀ ara, sí inú ikùn àti ẹsẹ̀. Nínú ara ọ̀dọ́, ọkàn a yára lù, àwọn òpójẹ̀ a sún kì, ẹ̀jẹ̀ a sì dé ọpọlọ kí ẹni náà tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nínú ara àgbà, ètò yìí ti lọ́ra. Bí ó bá tún jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dànù nígbà iṣẹ́ abẹ, tí aláìsàn kò mu omi tó, tí ó sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn tí ń mú ni tọ̀, ọpọlọ yóò ṣaláìní ẹ̀jẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá yẹn sì tó láti gbé ènìyàn ṣubú. Ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀lé ni pé bí òǹkà òkè nínú ìfúnpá bá fi 20 lọ sílẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 lọ sílẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú 3 tí ènìyàn dìde dúró, kí a mọ̀ pé ewu wà. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá wà ní ọ̀pọ̀ ilé báyìí, ṣùgbọ́n orí ìjókòó nìkan ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí a wọ̀n ọ́n lórí ìdùbúlẹ̀, kí a sì tún wọ̀n ọ́n lórí ìdúró, bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀ tí ó lè di aláìsàn mú.

Ohun tí a lè ṣe sí òòyì yìí kò náni ní kọ́bọ̀. Kí aláìsàn jókòó ná. Kí ó sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ó máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò nígbà mélòó kan kí ẹ̀jẹ̀ lè gòkè. Bí ojú rẹ̀ bá ṣe kedere, kí ó di ohun tí kò lè yẹ̀ mú, kí ó dìde, kí ó sì dúró lójú kan títí yóò fi mọ̀ pé ara òun balẹ̀. Ìgbà náà ni kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ. Àmọ́ ẹni tí ìtọ̀ ń fún kì í ní ìṣẹ́jú méjì, a ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ náà láìpẹ́.

Lẹ́yìn ìṣubú kan, tàbí lẹ́yìn ìbẹ̀rù rẹ̀ lásán, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń ṣe ni pé wọn a ní kí àgbà náà má dìde mọ́. 'Ẹ jókòó, Ìyá. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, ẹ pè wá.' Ìfẹ́ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, àpọ́nlé sì ni pẹ̀lú, nítorí pé nínú àṣà Yorùbá ẹni tí ó ti bímọ kò yẹ ní ẹni tí ń bu omi fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran ara kò mọ àpọ́nlé. Ní 2007, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nípa àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le, tí wọ́n gbà láti dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10. Nígbà tí wọn yóò fi dìde, ẹran ẹsẹ̀ wọn ti fi nǹkan bíi kìlógíráàmù kan dín. Àwọn wọ̀nyí kò ṣàìsàn, abẹ kò kàn wọ́n, wọ́n sì ń jẹun dáadáa. Ẹ ro ti ẹni tí a là ní itan, tí kò lè jẹun, tí a sì fi sórí ibùsùn fún oṣù kan gbáko. Ọjọ́ tí ó bá dìde gan-an ni yóò ṣubú. Láàárín oṣù kan náà, òtútù àyà, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú òpójẹ̀ ẹsẹ̀, àti egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń dá sí ìdí, gbogbo wọn ti ń ṣọ́ ọ.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn olùtọ́jú máa bi ara wọn kì í ṣe bí aláìsàn kò ṣe ní dìde. Ìbéèrè náà ni bí yóò ṣe dìde tí kò fi ní ṣubú.

Ìdáhùn kan ti wá láti ìlú Umeå, ní àríwá orílẹ̀-èdè Swídìn, níbi tí àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn yunifásítì ti ṣe ìdánwò kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Aláìsàn 199 ni ó kópa nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ti tó 70 ọdún tàbí kí wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọrùn egungun itan ni ó kán fún gbogbo wọn, a sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Bí ìgbà tí a ń ṣẹ́ kèké ni a ṣe pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn tí ara wọn yá ni a kó sí apá kan. Àwọn 102 lọ sí wọ́ọ̀dù tí a ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà ìtọ́jú tuntun. Àwọn 97 yòókù gba irú ìtọ́jú tí a ti ń fún irú wọn láti ẹ̀yìn wá.

Ẹni tí ó bá ń retí ẹ̀rọ olówó iyebíye nínú ọ̀nà tuntun náà yóò rí i pé kò sí i. Dókítà, nọ́ọ̀sì, àwọn tí ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn àti àwọn tí ń kọ́ ọ bí yóò ti máa wọṣọ kí ó sì máa wẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo wọn a jókòó pọ̀, wọn a sì ṣètò fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ara tirẹ̀ ti rí. Wọ́n tètè gbé e dìde kúrò lórí ibùsùn. Wọ́n ń wò bóyá ó jẹun, bóyá ó sùn, bóyá ìrora rẹ̀ pọ̀, bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ ti le jù, bóyá kòkòrò àrùn ti wọ inú ìtọ̀ rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ, wọn kì í sọ pé ìṣarán àgbà ni. Wọn a wá ohun tí ó fà á. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe kókó. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ àgbà ni ọkàn wọn máa ń dàrú fún ọjọ́ díẹ̀, tí wọn kì í mọ ilé mọ ọ̀nà, tí wọn a máa pe orúkọ ẹni tí ó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ilé wa, irú èyí a máa dẹ́rù ba ni, àwọn mìíràn a sì ti máa wá babaláwo tàbí wòlíì kiri. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ìtọ̀ tí kòkòrò wọ̀ lásán, tàbí àìmu omi tó, ni ó wà nídìí rẹ̀. Ní Umeå, ọkàn nǹkan bí 75 nínú 100 ni ó dàrú báyìí lára àwọn tí a tọ́jú bí ti àtijọ́, ó sì gba nǹkan bí ọjọ́ 10. Lára àwọn ti ọ̀nà tuntun, nǹkan bí 55 nínú 100 ni, ọjọ́ 5 péré ni ó sì gbà.

Ìṣubú wá ń kọ́? Nínú àwọn 97, ènìyàn 26 ni ó ṣubú, wọ́n sì ṣubú ní ìgbà 60. Nínú àwọn 102, ènìyàn 12 ni ó ṣubú, ìgbà 18 péré ni. Egungun ẹni 4 tún kán nínú àwọn ti àtijọ́. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ti rẹ̀ tún kán nínú àwọn ti ọ̀nà tuntun. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ronú lé lórí jù ni ti àwọn tí àrùn ìgbàgbé ti mú kí wọ́n tó kán lẹ́sẹ̀. Nínú àwọn ti àtijọ́, irú àwọn bẹ́ẹ̀ 11 ni ó ṣubú, ní ìgbà 34. Nínú àwọn ti ọ̀nà tuntun, ẹnìkan ṣoṣo ni ó ṣubú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ní àrùn ìgbàgbé kò lè rántí pé a ní kí òun má dá dìde. Ìkìlọ̀ kò wúlò fún un, bẹ́ẹ̀ ni ìbáwí. Bí ìṣubú rẹ̀ bá wá dín kù tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe nínú ìwà rẹ̀ ni àyípadà ti wáyé. Àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n yí padà: wọ́n mọ ohun tí yóò mú un dìde kí ó tó dìde. Níbo ni ẹ̀sùn àgídí wá wà?

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a má bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ pé, ó yẹ kí a bá a sọ ọ́ dáadáa. Ní Ọsirélíà, ìwádìí kan jáde ní 2015 láti àwọn wọ́ọ̀dù 8 tí a ti ń kọ́ àwọn aláìsàn láti padà sí ẹsẹ̀ wọn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n rán ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ láti jókòó ti aláìsàn kọ̀ọ̀kan, láti ṣàlàyé ohun tí ń fa ìṣubú fún un, àti láti bi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ pinnu láti ṣe. Wọ́n sì ń mú ohun tí aláìsàn sọ padà tọ àwọn nọ́ọ̀sì lọ. Ìṣubú tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14 nínú ẹgbẹ̀rún ọjọ́ ìtọ́jú lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 8. Kíkéde fún gbogbo wọ́ọ̀dù pé 'ẹ má dìde o' yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí.

Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé okùn ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa ń fi ìgbànú tàbí aṣọ àrà ọ̀tọ̀ de àwọn arúgbó mọ́ àga àti ibùsùn ní àwọn ilé ìtọ́jú wọn, títí òfin kan fi jáde ní 1987 tí ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ pé kí a má ṣe dè wọ́n bí kò bá jẹ́ pé ìtọ́jú àìsàn wọn béèrè fún un. Ní 1992, Mary Tinetti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé lórí ohun tí wọ́n rí ní irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀: àwọn tí a ń dè ni ó fara pa gidigidi jù, nǹkan bí 17 nínú 100, nígbà tí ti àwọn tí a kò dè jẹ́ 5 nínú 100. Òtítọ́ ni pé àwọn tí ara wọn kò dá ni a sábà máa ń dè, nítorí náà kò yẹ kí a fi gbogbo ẹ̀bi lé okùn lórí; síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè wo òǹkà yẹn kí ó sọ pé okùn dáàbò bo ẹnìkan. Irin tí a ń gbé sókè ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú yóò gun orí rẹ̀ kọjá, ibi tí ó ti máa já sílẹ̀ yóò sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìwé tí a ń fi máàkì sí náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní 1989, Janice Morse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé ìwọ̀n kan jáde tí nọ́ọ̀sì lè fi mọ ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣubú: ó ń béèrè bóyá ó ti ṣubú rí, bóyá ó ní àìsàn mìíràn, bóyá ó ń lo ọ̀pá, bóyá a fa omi sí i lára, bí ìrìn rẹ̀ ti rí, àti bóyá ó mọ ìwọ̀n agbára ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní òkè òkun mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí ẹni mọ owó. Àmọ́ ní 2013, àjọ tí ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn ilé ìwòsàn má ṣe fi máàkì sọ àsọtẹ́lẹ̀ mọ́; kí wọ́n gbà pé gbogbo ẹni tí ó bá ti tó 65 ọdún lórí ibùsùn ilé ìwòsàn lè ṣubú, kí wọ́n sì wá ohun tí ó lè gbé olúkúlùkù ṣubú kí wọ́n tún un ṣe. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Máàkì tí a kọ tí a sì tì bọ inú fáìlì kò di ẹnikẹ́ni mú rí.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, iṣẹ́ abẹ ni ilé ìwòsàn ń ṣe. Ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, inú ilé ni ó ti ń wáyé. Ilé ìwòsàn egungun ti Igbóbì ní Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún ìtọ́jú àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì, kò lè sọ àgbà kan di ará ilé. Ní Ìbàdàn, a ṣí ibi ìtọ́jú àwọn arúgbó sí ilé ìwòsàn UCH ní 2012, ṣùgbọ́n èrò tí ń bẹ ní ìlú ju ibùsùn tí ó wà níbẹ̀ lọ fíìfíì. Ọmọ, ìyàwó ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ọmọ ọ̀dọ̀ ni nọ́ọ̀sì. Wọ́ọ̀dù náà sì ni yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò tóbi, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ, tí iná mànàmáná lè lọ nínú rẹ̀ nígbàkígbà.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó le jù, nítorí ìtìjú. Bàbá ẹni 80 ọdún kò ní jẹ́ kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé póò fún òun. Yóò dákẹ́ ní gbogbo ọ̀sán, yóò dín omi tí ó ń mu kù kí ó má baà tọ̀, èyí tí ó tún ń dá kún òòyì; bí gbogbo ilé bá wá sùn, yóò dìde ní òun nìkan. A kò lè fi ìbínú wò ó sàn. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a má dúró de ìgbà tí yóò pè. Kí ọmọkùnrin kan tàbí ọmọ-ọmọ ọkùnrin máa bá a lọ ní àkókò tí a ti mọ̀: bí ilẹ̀ bá mọ́, láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta lójú ọ̀sán, kí ó tó sùn, àti lẹ́ẹ̀kan láàárín òru. Kí ó mú un dé ibẹ̀, kí ó kọ ẹ̀yìn sí i, kí ó dúró níbi tí ohùn lè dé. Ìyá náà, obìnrin ni kí ó tọ̀ ọ́ lọ. Bí a bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní jẹ́ ìtìjú mọ́. Yóò ti di ìṣe ilé.

Ibi tí a ń lọ náà ṣe pàtàkì. Ẹni tí a ti pààrọ̀ orí egungun ìbàdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ lóṣòó lórí ṣáláńgá ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé bí orúnkún bá ga ju ìbàdí lọ, irin náà lè yọ kúrò ní ojúhò rẹ̀. Káfíńtà àdúgbò lè kan àga onihò tí ó ní apá lọ́tùn-ún lósì, tí a ó gbé ka orí ihò ṣáláńgá, tàbí tí a ó fi póò sí abẹ́ rẹ̀ nínú yàrá. Kí a wọn gíga rẹ̀ mọ́ ẹni tí yóò jókòó lé e: bí ó bá jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, kí orúnkún má sì ga ju ìbàdí. Nítorí ìdí kan náà, ẹni tí ó jẹ́ mùsùlùmí lè jókòó sórí àga kírun. Ẹ̀sìn fún aláìsàn láyè bẹ́ẹ̀. Onígbàgbọ́ náà lè gbàdúrà láìkúnlẹ̀ títí dókítà yóò fi ní ó tó àsìkò.

Nípa yàrá, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Kí tọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Kí ìgò ojú wà ní ibi tí ọwọ́ lè tó, kì í ṣe nínú àpótí. Kí ìró má wọ́lẹ̀. Kí bàtà ní ìdè lẹ́yìn, nítorí pé sálúbàtà tí ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ léwu. Kí a ká ẹní kúrò ní ojú ọ̀nà, kí a sì nu omi tí ó dà sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì kí ó tó pé ìṣẹ́jú kan.

Oúnjẹ àti ìrìn ni ó ń dá agbára ẹsẹ̀ padà. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran ni ó ń mọ ẹran ara. Ẹ̀kọ omi nìkan kò lè ṣe é. Ní ti ìrìn, kí a bi àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ní ìwọ̀n ìwúwo tí ẹsẹ̀ náà lè gbé kí a tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, kí àgbà máa dìde láti orí àga kí ó sì tún jókòó, lẹ́ẹ̀márùn-ún, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjọ ni ẹsẹ̀ ń kọ́ nígbà náà. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fà á ní apá. Kí ó dúró díẹ̀ sí ẹ̀yìn, ní ìhà tí kò lágbára, kí ó sì gbé ọwọ́ sí ìbàdí rẹ̀. Gbogbo oògùn tí àgbà náà ń lò ni kí a kó sínú àpò kan lọ fún dókítà, títí kan àgbo àti èyí tí ọmọ kan rà ní ọjà, nítorí pé oògùn ìrora méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ lè jẹ́ ohun kan náà. Èyí tí ń mú ni tọ̀, kí a bi dókítà bóyá òwúrọ̀ ni a lè máa lò ó.

Bí ìṣubú bá wá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èyí, kí a má sáré fà á dìde. Kí a bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ó wà, kí a bò ó láṣọ, kí a béèrè ibi tí ó ń dùn ún. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ, tàbí tí ó yí síta, tàbí tí ó fi orí gbá nǹkan, kí a má gbé e sórí àga. Ilé ìwòsàn ni kí a wá bí a ó ti gbé e dé, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn teegunteegun, nítorí irin wà nínú egungun náà. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, kí ẹni méjì gbé e dìde díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí a wo ẹ̀yìn. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé kan tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó fún iṣẹ́ yìí. Kí ọmọ tí ó mọ̀wé jù nínú ilé kọ aago tí ó ṣubú, ibi tí ó ń lọ, ohun tí ó wọ̀ sẹ́sẹ̀, bóyá iná wà, oògùn tí ó lò kẹ́yìn àti aago tí ó lò ó. Bí dókítà bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó lè rí i lójú kan náà pé ìṣubú méjì tí ilé kà sí àgídí ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan lẹ́yìn oògùn kan náà, yóò sì yí àkókò oògùn náà padà.